Bí wọ́n ṣe ń gbé Phantom ayé ogun Vietnam wọnú kọ̀ǹpútà

F-4 Phantom, bàálù ogun Amẹ́ríkà tó jà ní Vietnam, kì í ṣe bàálù oníwà pẹ̀lẹ́ rárá, ibẹ̀ gan-an sì ni iṣẹ́ wà fún ẹni tó bá fẹ́ ṣe ẹ̀dà ẹ̀ fún kọ̀ǹpútà. Kí nǹkan ṣáà máa fò lójú sikiríìnì, ìyẹn ò le mọ́ láyé tá a wà yìí. Èyí tó le ni kí bàálù náà máa ṣe agídí níbi tí ojúlówó ẹ̀ ti máa ń ṣe agídí, kó máa rú èéfín dúdú níbi tó ti ń rú u, kí rádà ẹ̀ má sì ríran níbi tí kò ti ríran ní 1969.

DCS World ló dáa jù láti fi ṣàlàyé. Sìmúlétọ̀ ogun ojú òfuurufú ni, ìyẹn gémù tó ń ṣe bíi bàálù gidi, iléeṣẹ́ Eagle Dynamics ló ni ín, ọ̀fẹ́ lèèyàn á gba gémù yẹn fúnra ẹ̀ sórí kọ̀ǹpútà àmọ́ bàálù kọ̀ọ̀kan lówó tiẹ̀, àwọn iléeṣẹ́ kéékèèké míì ló sì ń ṣe púpọ̀ nínú wọn. MiG-21bis, bàálù ogun Soviet, ti wà níbẹ̀ láti 2014, F-5E ti Amẹ́ríkà tẹ̀lé e, nígbà tó di oṣù karùn-ún 2024 iléeṣẹ́ Heatblur Simulations gbé F-4E Phantom tiwọn jáde. (Nàìjíríà náà lo MiG-21 lẹ́yìn ogun abẹ́lé o, MiG-17 ló sì wà nínú ogun yẹn fúnra ẹ̀. Irú àwọn MiG méjèèjì yẹn náà ni àwọn ará Àríwá Vietnam fi ń kojú Phantom.)

McDonnell ní St. Louis ló ṣe Phantom, ó kọ́kọ́ fò ní ọjọ́ 27 oṣù karùn-ún 1958, wọ́n sì ṣe ju 5,000 lọ kí wọ́n tó dáwọ́ dúró. Èèyàn méjì ló ń wọ̀ ọ́, páílọ́ọ̀tì níwájú, ẹni tó ń wo rádà lẹ́yìn. Àwọn tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe ò níbọn nínú, torí ìgbàgbọ́ ìgbà yẹn ni pé mísáìlì ti gbaṣẹ́ lọ́wọ́ ìbọn, àfìgbà tí wọ́n dé Vietnam tójú wọn já a. Ni wọ́n bá ti ìbọn Vulcan 20 mm bọ abẹ́ imú ẹ̀, ìyẹn ló di F-4E, tó dé ojú ogun lápá ìparí 1968.

Ohun tí wọ́n á kọ́kọ́ pinnu ni F-4E wo, torí F-4E kì í ṣe oríṣi kan ṣoṣo. Èyí tó jáde ní 1968 àti èyí tí wọ́n tún ṣe lẹ́yìn 1972 ò fò bákan náà, torí pé wọ́n fi slat, ìyẹn pátákó tó máa ń yọ síwájú ìyẹ́, sí èyí ìkẹyìn kó lè máa yí dáadáa láìbọ́ lọ́wọ́ páílọ́ọ̀tì. Sikiríìnì inú ẹ̀ yàtọ̀, súìṣì yàtọ̀, ohun ìjà tó lè gbé yàtọ̀. Ẹni tó bá mú díẹ̀ níbí mú díẹ̀ lọ́hùn-ún á ṣe bàálù tí kò sí láyé rí, àwọn tó mọ̀ ọ́n á sì rí i lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Heatblur mú èyí tó ní slat, ìdí nìyẹn táwọn tó fẹ́ fi jagun 1968 fi ní láti di ojú wọn díẹ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn ló kan ìwé. Ìwé ńlá tí Air Force, ẹgbẹ́ ọmọ ogun òfuurufú Amẹ́ríkà, fi ń kọ́ páílọ́ọ̀tì, TO 1F-4E-1, ti kúrò nínú àṣírí tipẹ́, èyí tó sọ nípa ohun ìjà náà wà. Ọ̀rọ̀ pọ̀ nínú wọn: bí yóò ṣe yára yí tó, iye epo tí yóò jó, bí ilẹ̀ tí yóò fi sáré kó tó gbéra ṣe máa gùn tó. Bẹ́ẹ̀ ìwé wọ̀nyẹn máa ń dákẹ́ níbi tọ́rọ̀ ti dùn. Wọ́n á ní má kọjá ibí yìí o, wọn ò ní sọ ohun tó máa ṣẹlẹ̀ gan-an béèyàn bá kọjá ẹ̀. Ìwé NASA ló ń kún àlàfo yẹn. Ní 1969, Langley, ilé ìwádìí NASA kan, tẹ ìwádìí kan jáde nípa bí bàálù ogun ẹlẹ́ńjìnì méjì kan ṣe ń ṣe tí imú ẹ̀ bá ga jù sí atẹ́gùn, wọn ò dárúkọ bàálù náà, ẹni tó bá wo àwòrán ẹ̀ ṣáà mọ̀ pé Phantom ni.

Pé bàálù yìí ti darúgbó tún wúlò níbòmíì. Òfin Amẹ́ríkà tó ń ṣọ́ ọ̀rọ̀ ohun ìjà tó ń jáde nílùú kì í ṣe eré, ní 2019 ọmọ Rọ́ṣíà kan tó ń bá iléeṣẹ́ sìmúlétọ̀ ṣiṣẹ́ bá ara ẹ̀ nílé ẹjọ́ ní ìpínlẹ̀ Utah torí ìwé ìlò bàálù ogun F-16, tí wọ́n ṣì ń lò, tó ń wá lórí eBay. Kò sẹ́ni tó ń wá wàhálà yẹn, ìdí kan rèé táwọn olùṣe fi fẹ́ràn bàálù ayé Vietnam.

Ìrísí ẹ̀ ńkọ́? Ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ni wọ́n ń lọ, Phantom pọ̀ níbẹ̀. Wọ́n á gbé ẹ̀rọ kan tó ń ta iná lésà kalẹ̀, á máa wọn bí gbogbo ara bàálù ṣe jìnnà sí i títí tó fi máa di ojú àmì tí kò lóǹkà, wọ́n á tún ya fọ́tò lóríṣiríṣi, kọ̀ǹpútà á wá so fọ́tò wọ̀nyẹn pọ̀ di àwòrán tó ṣe é yí po. Àmọ́ ohun tó jáde yẹn ò ṣe é lò bẹ́ẹ̀, ó wúwo jù, ó rí wúruwùru, èèyàn ló máa jókòó fọwọ́ ya bàálù tuntun tó mọ́ lé e lórí. Bàálù ilé ìṣẹ̀ǹbáyé náà máa ń pa irọ́: wọ́n ti lè yọ ẹ́ńjìnì ẹ̀, epo ò sí nínú ẹ̀, bó ṣe dúró lórí táyà ò lè jọ ti èyí tó kún fún epo àti bọ́ǹbù, wọ́n ti kun ọ̀dà lórí ọ̀dà, díà kan (ojú aago tí páílọ́ọ̀tì ń wò) ti sọnù, òmíì jẹ́ ti bàálù míì tí wọ́n fi dí ihò. Ẹni tó ń ṣe é gbọ́dọ̀ mọ èyí tó máa gbà gbọ́.

Ìrísí Phantom fúnra ẹ̀ ní ìtàn. Ẹ̀gbẹ́ ìyẹ́ ẹ̀ lápá òde ká sókè ní ìwọ̀n digíríì 12, ìrù ẹ̀ sì tẹ̀ wálẹ̀ ní digíríì 23. Nígbà tí wọ́n dán an wò nínú ihò atẹ́gùn, níbi tí wọ́n ti ń fẹ́ atẹ́gùn lu àwòṣe bàálù, wọ́n rí i pé ó yẹ kí gbogbo ìyẹ́ ká sókè díẹ̀ kí bàálù lè dúró ṣinṣin, bẹ́ẹ̀ wọn ò fẹ́ tú àárín ìyẹ́ palẹ̀ ṣe lọ́tun, ni wọ́n bá ká etí ẹ̀ nìkan, wọ́n ká a gan-an kó lè jọ pé gbogbo ẹ̀ ló ká. Ẹni tó bá ń yà á gbọ́dọ̀ gba ìwọ̀n yẹn láìsí àfikún, torí ọ̀rọ̀ fífò máa gorí ẹ̀.

Fífò yẹn ló wá kàn báyìí. Àtẹ nọ́ńbà ni wọ́n ń to kalẹ̀: tí imú bá ga tó báyìí sí atẹ́gùn, tí eré bá sì jẹ́ báyìí, agbára tó ń gbé e sókè á jẹ́ iye báyìí, èyí tó ń fà á sẹ́yìn á jẹ́ iye báyìí, èyí tó fẹ́ yí imú ẹ̀ sápá kan á jẹ́ iye báyìí. Kọ̀ǹpútà á máa wo àtẹ yìí ju ìgbà ọgọ́rùn-ún lọ láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan ṣoṣo, á ro agbára gbogbo pọ̀, á fi wé ìwúwo bàálù lásìkò yẹn (epo ń jó, bọ́ǹbù ń já, ìwúwo ò dúró sójú kan), á wá mọ ibi tí bàálù gbọ́dọ̀ dé kó tó tún wo àtẹ náà lẹ́ẹ̀kan sí i.

Ibi tí àgídí Phantom ti ń hàn nìyí. Tó bá ń yí kíkankíkan tí imú ẹ̀ ga sí atẹ́gùn, tí páílọ́ọ̀tì wá ti sítíìkì sọ́tùn-ún kó lè tẹ̀ sápá ọ̀tún, aileron (pátákó tó wà lẹ́yìn ìyẹ́) tòsì á lọ sílẹ̀, á máa di atẹ́gùn lọ́wọ́, á fa ìyẹ́ yẹn sẹ́yìn, imú á yà sósì, gbogbo bàálù á sì yí gbiri sósì, ìyẹn òdìkejì ohun tí wọ́n ní kó ṣe. Láti ibẹ̀ spin ló kù, ìyẹn kí bàálù máa yí òyì já wálẹ̀. Àwọn páílọ́ọ̀tì kọ́ ọ pé níbi yẹn sítíìkì á dúró sáàárín, ẹsẹ̀ ni wọ́n á fi tẹ rudder (pátákó ìrù tó ń yí imú sọ́tùn-ún tàbí sósì) kó lè tẹ̀. Air Force pàdánù ọ̀pọ̀ Phantom báyìí, ó wà lára ohun tó jẹ́ kí wọ́n ṣe slat yẹn.

Olùṣe ọ̀lẹ lè kọ ọ́ sínú kóòdù pé tí imú bá ti ga tó báyìí, kó yí sódì. Ó máa ṣiṣẹ́ o, fún bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ẹni tó bá mọ Phantom á wá rí i pé ibì kan náà ló ń já sí nígbà gbogbo, bí ẹni tan iná pa iná. Èyí tó dáa ni kí wọ́n má dárúkọ ìwà yẹn níbì kankan nínú kóòdù, kí àtẹ nọ́ńbà tọ̀nà débi pé á fúnra ẹ̀ ṣe é. Lójú tèmi, ibí ni wọ́n fi ń mọ ojúlówó yàtọ̀. Ó sì máa ń bí àwọn tó wá láti orí F-16 nínú, torí kọ̀ǹpútà ló ń bá páílọ́ọ̀tì F-16 tún àṣìṣe ẹ̀ ṣe, Phantom ò ní irú olùrànlọ́wọ́ bẹ́ẹ̀, ariwo tó ń yí ohùn padà nínú fóònù etí páílọ́ọ̀tì ló ní àti ìtẹ̀sẹ̀ rudder tó máa ń gbọ̀n láti fi kìlọ̀.

Sítíìkì yẹn náà jẹ́ ìṣòro tí kò lójútùú pátápátá. Nínú Phantom, atẹ́gùn tó ń wọlé láti ìta ló ń jẹ́ kí sítíìkì le lọ́wọ́ bí eré bá ṣe ń pọ̀, ìwúwo kan sì tún wà nínú ẹ̀rọ ẹ̀ tó ń fà á padà tí bàálù bá ń yí. Joystick orí tábìlì, sípíríǹgì lásán ló ní, le ni, rọ̀ ni, kò yí padà. Ṣé ibi tí ọwọ́ wà ni kí kóòdù kà ni àbí agbára tí ọwọ́ lò? Èyíkéyìí tí wọ́n bá mú, ẹnì kan á ṣàròyé.

Ẹ́ńjìnì J79 méjì ló wà lẹ́yìn ẹ̀, kọ̀ọ̀kan ní ìpele 17 tó ń tẹ atẹ́gùn. Tí páílọ́ọ̀tì bá tì í dé òpin láìtan iná ẹ̀yìn (epo tí wọ́n ń sun lẹ́yìn ẹ́ńjìnì fún agbára àfikún), èéfín dúdú á máa tú jáde tí àwọn MiG fi ń rí i láti ọ̀nà jíjìn, tó bá tan iná ẹ̀yìn èéfín á pòórá. Ohun ẹwà lásán kọ́ lèyí nínú sìmúlétọ̀, ọ̀tá gbọ́dọ̀ lè fi rí i.

Nínú kọ́kpíìtì, kò sí kọ̀ǹpútà tó ń darí gbogbo nǹkan. Wáyà, rílè (súìṣì tí iná mànàmáná ń tan), abẹ́rẹ́ díà àti epo inú páìpù tí wọ́n fi agbára ńlá, 3,000 psi, tì ni. Súìṣì kan kì í kàn ṣe iṣẹ́ kan, ó ń ran iná lọ sí rílè, rílè ń dúró de jẹnẹrétọ̀, tí jẹnẹrétọ̀ ọ̀tún bá kú tòsì á gbà á ràn. Tí wọ́n bá kọ gbogbo okùn yẹn bó ṣe wà, ohun tẹ́nikẹ́ni ò kọ sínú kóòdù á máa ṣẹlẹ̀, ìbàjẹ́ kan á fa òmíì. Heatblur tún fi gbígbó kún un, pé Phantom méjì ò ní rí bákan náà, bíi dánfó tó jẹ́ dẹ́rẹ́bà ẹ̀ nìkan ló mọ bí wọ́n ṣe ń fi jíà kejì sí i.

Rádà APQ-120 ló le jù nínú gbogbo ẹ̀. Rádà ayé òde òní á yọ ọ̀tá jáde mọ́ kedere, tìyí ò mọ ìyàtọ̀ láàárín MiG àti òkè. Tó bá ti dojú kọlẹ̀, ìtànṣán tó ń padà láti orí ilẹ̀ á bo gbogbo sikiríìnì, MiG tó bá fò nílẹ̀ lọ ti sá pamọ́ nìyẹn. Nítorí náà sìmúlétọ̀ ò gbọ́dọ̀ kàn fi àmì sí ibi tí ọ̀tá wà, ó gbọ́dọ̀ ta ìtànṣán lọ sórí ilẹ̀ ayé inú gémù, kó ṣírò èyí tó padà wá, kó ya gbogbo ìdọ̀tí yẹn, kó wá fi èèyàn sílẹ̀ pẹ̀lú ojú ẹ̀. Bí wọ́n bá tiẹ̀ mú ọ̀tá, mísáìlì Sparrow ṣì nílò bí ìṣẹ́jú àáyá mẹ́rin kó tó ṣe é jù.

Ẹni tó ń wo rádà yẹn lẹ́yìn, tí kò bá sí ọ̀rẹ́ tó máa bá èèyàn jókòó síbẹ̀, Jester ni, èèyàn inú kọ̀ǹpútà tí Heatblur ti lò nínú F-14 wọn láti 2019. Kọ̀ǹpútà mọ ibi tí gbogbo ọ̀tá wà tẹ́lẹ̀, iṣẹ́ tó wà níbẹ̀ ni kí wọ́n fi í pamọ́ fún Jester, kó máa wá a, kó pẹ́ kó tó rí i, nígbà míì kó má rí i rárá.

Mísáìlì ńkọ́? Ní Vietnam, Sparrow tó já bàálù ọ̀tá lulẹ̀ ò pé mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún tí wọ́n jù. Òmíì kò gbéra, òmíì òjò àti gbígbé sókè gbé sílẹ̀ ti bà á jẹ́, òmíì páílọ́ọ̀tì jù ú níbi tí kò yẹ. Ẹni tó ń jókòó sílé tó ti ka ìwé tó sì ti gbìyànjú ẹgbẹ̀rún ìgbà ò ní jù ú níbi tí kò yẹ, nítorí náà tiẹ̀ á máa bá a ju tàwọn ará ìgbà yẹn lọ, kò sì sẹ́ni tó máa lè dá a lẹ́bi. Ìyókù tó jẹ́ ti ẹ̀rọ, olùṣe ló máa pinnu bóun ṣe máa jẹ́ kó kùnà tó.

Àwọn páílọ́ọ̀tì tó ti fẹ̀yìn tì náà ń bá wọn dán an wò, àwọn àgbàlagbà tó jókòó níwájú joystick oníke tí wọ́n ń sọ pé ó máa ń wúwo jù báyìí lọ. Nígbà míì ìwé á sọ ohun kan, ìrántí wọn á sọ òmíì, tí àwọn méjèèjì sì tọ̀nà, torí slat, torí ọdún, torí bàálù tiwọn pàtó.

Síbẹ̀, bí Phantom bá pé tó báyìí, ẹni tó ń bá a jà ló kù. Àwọn MiG tí kọ̀ǹpútà fúnra ẹ̀ ń wà nínú DCS ń lo ìṣirò fífò tó rọrùn ju ti bàálù èèyàn lọ, èyí tó ń jẹ́ kí wọ́n lè gun òkè tàbí yí láìjẹ́ kí eré wọn dín kù bó ṣe yẹ, ìjà tó yẹ kí Phantom fi agbára ẹ́ńjìnì méjì borí á wá di ohun tí MiG ń bọ́ nínú ẹ̀ wẹ́rẹ́.