Iṣẹ́ Tí Ọ̀rọ̀ Ń Ṣe La Fi Ń Dá Ọ̀rọ̀ Àpọ́nlé Gẹ̀ẹ́sì Mọ̀

Nínú "He works hard", "works" ni ọ̀rọ̀ ìṣe. Bí a bá béèrè pé báwo ló ṣe ń ṣiṣẹ́, "hard" ló máa dáhùn: kára. Ọ̀rọ̀ tó bá ń dáhùn báwo, ìgbà wo, ibo tàbí ẹ̀ẹ̀melòó fún ọ̀rọ̀ ìṣe, ọ̀rọ̀ àpọ́nlé ni. "Yesterday" ń sọ ìgbà, "here" ń sọ ibi. Ti "very" yàtọ̀ díẹ̀: ọ̀rọ̀ àpèjúwe tàbí ọ̀rọ̀ àpọ́nlé mìíràn ló ń kún lọ́wọ́, bíi "very tall" àti "very slowly".

Ìrù "-ly" ló ń ṣi ọ̀pọ̀ èèyàn lọ́nà. Lóòótọ́, "slow" ń di "slowly", "careful" ń di "carefully". Ṣùgbọ́n "friendly" àti "lovely" náà nírù, ọ̀rọ̀ àpèjúwe sì ni wọ́n. A kì í sọ pé "She spoke friendly". "She spoke in a friendly way" ló tọ̀nà. Ọ̀rọ̀ yìí ti pẹ́ nílẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́ ní ìrù méjì: "-lic" fún ọ̀rọ̀ àpèjúwe, "-lice" fún ọ̀rọ̀ àpọ́nlé. Nígbà tó yá, ẹnu gé ìparí wọn kúrò, méjèèjì sì di "-ly" kan ṣoṣo. Ọ̀rọ̀ àpọ́nlé bíi "hard" náà ní "-e" nídìí nígbà yẹn. Ìgbà tí "-e" yẹn já bọ́ ló di pé kò yàtọ̀ sí ọ̀rọ̀ àpèjúwe mọ́ lójú.

Ìdí nìyí tí kò fi yẹ kí a kàn máa so "-ly" mọ́ gbogbo ọ̀rọ̀. "Fastly" kò sí. "He runs fast" ló wà. Èyí tó léwu jù ni "hardly", nítorí òun wà, àmọ́ nǹkan mìíràn ló ń sọ. Ẹni tó bá kọ "He hardly works" láti fi yin òṣìṣẹ́ kan ti sọ pé onítọ̀hún kì í fi bẹ́ẹ̀ ṣiṣẹ́. Ìwé ẹ̀rí tó yẹ kó gbé èèyàn ga lè tipa bẹ́ẹ̀ ba tirẹ̀ jẹ́. "Late" àti "lately" náà nìyẹn: "She came late", ó pẹ́ kó tó dé, "lately", lẹ́nu ọjọ́ mẹ́ta yìí.

Ibi tí a fi ọ̀rọ̀ àpọ́nlé sí náà ṣe pàtàkì. "Always", "often" àti "never" máa ń ṣáájú ọ̀rọ̀ ìṣe, bí "tètè" ṣe ń ṣáájú nínú "ó tètè dé": "She always comes early". Ṣùgbọ́n ẹ̀yìn "is" ni wọ́n ń wà: "She is always early". A kì í sì í fi ọ̀rọ̀ àpọ́nlé la ọ̀rọ̀ ìṣe àti àbọ̀ rẹ̀ láàárín. "She speaks English well" la ń sọ, kì í ṣe "She speaks well English".

"Only" ló gba ìṣọ́ra jù lọ. "Only she saw the child": òun nìkan ló rí ọmọ náà. "She saw only the child": ọmọ náà nìkan ló rí.