Onímọ̀ Nípa Ẹ̀fọn Nínú Ilé Ẹbí: Iṣẹ́ Tó Lè Wọlé àti Èyí Tó Gbọ́dọ̀ Dúró Síta

Bí àwọn ènìyàn bá rí onímọ̀ nípa ohun ẹlẹ́mìí tó jókòó ti kọ̀ǹpútà nílé láti àárọ̀ títí di ọ̀sán, ọ̀pọ̀ wọn a máa rò pé iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, nítorí wọ́n gbà pé inú láàbù nìkan ni irú wa ti ń ṣiṣẹ́. Òtítọ́ ibẹ̀ ni pé kíkà, ṣíṣírò àti kíkọ ohun tí a ti rí sílẹ̀ ló ń gba èyí tó pọ̀ jù nínú àkókò wa. Ẹ̀fọn ni èmi ń ṣèwádìí nípa rẹ̀. Láti oṣù Ẹ̀rẹ́nà ọdún 2020, nígbà tí àrùn kòrónà mú kí ìjọba ti àwọn yunifásítì pa, ni mo ti ń ṣe apá tó pọ̀ nínú iṣẹ́ náà ní ilé ẹbí wa ní Ìbàdàn, níbi tí èmi, màmá mi, ẹ̀gbọ́n mi àti àwọn ọmọ rẹ̀ jọ ń gbé. Àwọn tí wọ́n ní irú wa nínú ilé ní ẹ̀tọ́ láti mọ ohun tí a lè gbé wọlé àti ohun tí kò gbọdọ̀ kọjá ẹnu ọ̀nà.

Ẹ jẹ́ kí n fi àyẹ̀wò kan tí a máa ń ṣe lemọ́lemọ́ ṣe àpẹẹrẹ. Bí a bá fẹ́ mọ̀ bóyá oògùn apakòkòrò kan ṣì ń pa ẹ̀fọn àdúgbò kan, a ó kó nǹkan bí abo ẹ̀fọn 25, tí wọ́n ti lo ọjọ́ 3 sí 5 láyé, sínú páìpù oníke tí a fi bébà olóògùn tẹ́ nínú. Wọn yóò lo wákàtí 1 níbẹ̀, a ó kó wọn kúrò, a ó fún wọn ní omi ṣúgà, a ó sì ka èyí tó kú lẹ́yìn wákàtí 24. Láàbù ni gbogbo èyí ti ń wáyé, ṣùgbọ́n nọ́ńbà tó jáde níbẹ̀ kò tíì sọ ohunkóhun títí ẹnì kan yóò fi jókòó tì í. Páìpù mìíràn wà tí kò sí oògùn nínú bébà tirẹ̀ rárá. Bí ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún ẹ̀fọn inú rẹ̀ tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ bá kú, a jẹ́ pé ohun mìíràn ló ń pa wọ́n, a ó sì da gbogbo àyẹ̀wò náà nù. Bí ìyẹn bá dára, a ó wá wo àwọn tó fara kan oògùn: bí 98 nínú ọgọ́rùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ bá kú, oògùn náà ṣì múná; bí wọn kò bá tó 90, ẹ̀fọn ibẹ̀ ti ń borí rẹ̀. Àárín méjèèjì ló máa ń gba ìrònú jù, nítorí a ní láti tún àyẹ̀wò ṣe kí a tó sọ̀rọ̀. N kò lè kánjú nídìí ìṣirò yìí, torí irú oògùn bẹ́ẹ̀ ló wà lára àwọ̀n tí àwọn aláboyún àti ọmọ wẹ́wẹ́ ń sùn sábẹ́ rẹ̀.

Bákan náà, kò sí ojú tó lè mọ ìyàtọ̀ láàárín Anopheles gambiae àti Anopheles coluzzii, ẹ̀fọn méjì tí ń gbé ibà kiri, tó jẹ́ pé ọdún 2013 ni wọ́n tó fún ìkejì ní orúkọ tirẹ̀. DNA, àkọsílẹ̀ àbùdá tó wà nínú ara gbogbo ohun ẹlẹ́mìí, ló ń tú àṣírí wọn, ẹsẹ̀ ẹ̀fọn kan ṣoṣo sì tó láti yọ ọ́. Ohun tí ẹ̀rọ láàbù bá kà jáde máa ń bá mi nílé lórí íntánẹ́ẹ̀tì, èmi a sì fi í wé èyí tó wà nínú GenBank, ibi tí àwọn onímọ̀ káàkiri àgbáyé ti ń kó irú rẹ̀ jọ láti ọdún 1982, tí ẹnikẹ́ni sì lè wò lọ́fẹ̀ẹ́.

Ní ti ohun tí kò gbọdọ̀ wọlé, mo fẹ́ kí àwọn ọ̀dọ́ oníṣẹ́ wa fetí sílẹ̀ dáadáa. Ẹ̀fọn ààyè kò gbọdọ̀ wọlé, ì báà jẹ́ inú àgò tí a fi àwọ̀n dé. Ẹyin rẹ̀ léwu ju bẹ́ẹ̀ lọ, pàápàá ti Aedes aegypti tí ń gbé ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀ kiri: orí bébà ni a máa ń gbà á sí, ó dúdú, ó kéré, ó sì lè wà ní gbígbẹ fún ọ̀pọ̀ oṣù láìkú. Bí ọmọdé bá ju bébà náà sínú omi, tanwíjí yóò jáde, láàárín nǹkan bí ọjọ́ 7 sí 10 yóò sì ti di ẹ̀fọn tí ń fò. Formalin, kẹ́míkà olómi tí a fi ń tọ́jú òkú ẹ̀dá kó má bàa jẹrà, ń ta ojú àti ọ̀fun, ó sì lè fa jẹjẹrẹ. Ethanol tí a ń fi kòkòrò pamọ́ sí máa ń yára gbiná, kò sì yẹ kó wà nítòsí sítóòfù gáàsì. Fíríìjì tí a ń kó ọbẹ̀ sí, oúnjẹ nìkan ló wà fún. Àwọn kan a máa sọ pé ike kékeré tí a dé pinpin kò lè ṣe nǹkan kan. N kò gbà bẹ́ẹ̀, nítorí ẹni tó ń wá omi tútù lóru kì í ka ohun tí a kọ sára ike. Òkú ẹ̀fọn gbígbẹ, tí a fi abẹ́rẹ́ gún sínú àpótí níbi tí ọwọ́ ọmọdé kò tó, ni mo fàyè gbà.

Ọ̀rọ̀ àwọn ará ilé gba ọgbọ́n. Nílẹ̀ wa, ìyá kì í pe ọmọ kí ọmọ ní ọwọ́ òun dí. Ṣùgbọ́n ẹni tó ti ka nǹkan dé igba, bí ó bá dìde, yóò tún bẹ̀rẹ̀ láti orí ení ni. Mo jókòó ti màmá mi, mo fi ìwé iṣẹ́ hàn wọ́n, mo sì ṣàlàyé pé ọ̀rọ̀ àwọ̀n tí àwọn náà ń sùn sábẹ́ rẹ̀ ni. A wá fẹnu kò pé ẹ̀gbọ́n mi ni yóò máa jẹ́ ìpè wọn láàárọ̀, kí èmi gba ọjà àti oúnjẹ alẹ́. Ẹni tó bá gba wákàtí lọ́wọ́ ẹbí gbọ́dọ̀ dá òmíràn padà fún wọn, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, àdéhùn náà kò ní pẹ́.

Charles Darwin, gbajúgbajà onímọ̀ nípa ohun ẹlẹ́mìí, gbé ní Down House, ní Kent nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, láti ọdún 1842 títí tó fi kú ní 1882, àárín ìyàwó àti ọmọ ló sì ti ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ rẹ̀. Ọdún 8 ló fi yẹ àwọn ẹ̀dá òkun kéékèèké tí í lẹ̀ mọ́ àpáta àti ìdí ọkọ̀ wò, débi pé ọ̀kan nínú àwọn ọmọ rẹ̀ béèrè nípa bàbá aládùúgbò wọn pé níbo ni òun náà ti ń ṣe tirẹ̀. Ó tún máa ń ní kí àwọn ọmọ náà ṣọ́ ọ̀nà tí akọ irú oyin ńlá kan ń gbà fò nínú ọgbà. Mo fẹ́ràn pé kò lé wọn sẹ́yìn, pé ó wá iṣẹ́ tí kò lè pa wọ́n lára fún wọn.

Irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ wà nílé wa náà. Ní Sátidé, àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n mi a máa tan tọ́ọ̀ṣì sínú dúrọ́ọ̀mù omi àti táyà àtijọ́ tó wà lẹ́yìnkùlé, wọ́n a sì ka tanwíjí tí wọ́n bá rí kí a tó da omi náà nù. Fífọ̀ ló ṣe pàtàkì ju dídà lọ, nítorí ara dúrọ́ọ̀mù, díẹ̀ lókè ibi tí omi dé, ni Aedes ń lẹ ẹyin rẹ̀ mọ́. Ẹni tó bá da omi nù láìfi kànrìnkàn fọ ibẹ̀ ti fi ẹyin sílẹ̀ de omi tuntun. Àwọn ọmọ náà ní ìwé tí wọ́n ń kọ òǹkà wọn sí, mo sì máa ń bá wọn yẹ̀ ẹ́ wò tọkàntọkàn, ṣùgbọ́n n kì í fi í sínú àbájáde ìwádìí mi, nítorí ilé tí onímọ̀ ẹ̀fọn ń gbé, tí a ń fọ dúrọ́ọ̀mù rẹ̀ lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, kò lè ṣojú fún àdúgbò tó yí i ká.