Ṣé "interrupt" lo ṣe àbí "disrupt"? Ìbéèrè àti ìdáhùn

Àbúrò mi kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ iṣẹ́ ìjọba ní Àbújá ló kó ọ̀pọ̀ nínú àwọn ìbéèrè yìí bá mi, mo wá kó èsì ẹ̀ síbí torí mo mọ̀ pé òun nìkan kọ́ ló ń dà láàmú.

Ẹ̀gbọ́n, wọ́n kọ ọ́ sínú minutes mítìn wa pé mo "disrupted the meeting". Ìbéèrè kan péré ni mo bi ọ̀gá kan níbi tó ti ń sọ̀rọ̀ lọ́wọ́ o! Ṣé ìyàtọ̀ wà láàrin disrupt àti interrupt ni?

Ìyàtọ̀ wà gan-an ni, má sì gbà kí wọ́n fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Tó o bá interrupt èèyàn, o dá ọ̀rọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu ni, ó dúró díẹ̀, bóyá ó dá ẹ lóhùn, bóyá ó ní kó o jókòó, ó sì ń bá tiẹ̀ lọ. Tó o bá disrupt mítìn, mítìn ti dàrú nìyẹn, ariwo ti gba ibẹ̀ kan, ohun tí wọ́n torí ẹ̀ pé jọ ò ṣeé ṣe mọ́. Àwọn tó bá gbé pátákó wọ gbọ̀ngàn, tí wọ́n ń kọrin ìjà títí wọ́n fi sún ètò sí ọjọ́ mìíràn, àwọn yẹn ló disrupt. Ìwọ tó ní "sorry sir, which year's budget?", interrupt lásán lo ṣe. Lọ bá ẹni tó kọ minutes yẹn kí wọ́n tó adopt ẹ̀ ní mítìn tó ń bọ̀, ìgbà yẹn ni wọ́n máa ń gba àtúnṣe, tó bá ti kọjá ibẹ̀ ó ti wọ fáìlì ẹ nìyẹn.

Ó dáa, ṣé interrupt wá túmọ̀ sí pé mi ò ṣẹ̀ ni?

Ọ̀rọ̀ yẹn ò sọ bóyá o ṣẹ̀ àbí o ò ṣẹ̀, ibẹ̀ gan-an lọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣì í gbọ́. Gbogbo ohun tó ń sọ ò ju pé nǹkan kan ń lọ lọ́wọ́, nǹkan mìíràn sì dá a dúró láàrin méjì. Ẹni tó sáré wọlé láti sọ pé kíṣìnnì ń jó náà interrupt, ẹni tí ò lè pa ẹnu mọ́ náà interrupt. Tí òyìnbó bá fẹ́ dá ẹ lẹ́bi tàbí yìn ẹ́, ọ̀rọ̀ mìíràn ló máa ń wá, a máa dé ibẹ̀.

Latin ló ti wá. "Inter" ni láàrin, "rumpere" sì ni kéèyàn dá nǹkan tàbí kó fọ́ ọ. Èdè òyìnbó ti ń lò ó láti bí ọ̀rúndún 15. Ẹbí ẹ̀ sì pọ̀ o: disrupt, níbi tí "dis" ti jẹ́ pé ó ya sọ́tọ̀ọ̀tọ̀, erupt, tí òkè bá ń tú iná jáde, rupture tí àwọn dókítà máa ń pè tí nǹkan bá bẹ́ nínú ara, abrupt, corrupt (tí ará Àbújá ò nílò àlàyé ẹ̀). Kódà bankrupt wà níbẹ̀, ọ̀dọ̀ àwọn ará Ítálì ló gbà wá, "banca rotta", tábìlì oníṣòwò owó tó ti fọ́. Ìdí tí interrupt fi ní r méjì náà nìyẹn, ọ̀kan parí "inter", ìkejì bẹ̀rẹ̀ "rupt", èmi ò sì tíì rí ọ́fíìsì tí ẹnì kan ò ti máa kọ "interupt" sínú memo.

Ṣé ọ̀rọ̀ ẹnu nìkan ni wọ́n ń interrupt?

Rárá o. Wo ìpolówó òtẹ́ẹ̀lì, wọ́n á ní "uninterrupted view of Aso Rock". Kò sẹ́ni tó ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀, ohun tí wọ́n ń sọ ni pé ojú ẹ á lọ tààrà láti fèrèsé dé orí àpáta, kò sí ilé kankan tó dí i. Lọ́jọ́ tẹ́nì kan bá kọ́ ilé alájà mẹ́wàá síwájú ẹ, ilé yẹn ti interrupt view nìyẹn.

Bákan náà ni iṣẹ́ ìjọba. O mọ̀ pé tí òṣìṣẹ́ bá ti ṣe 35 ọdún lẹ́nu iṣẹ́ tàbí ó pé ẹni 60 ọdún, èyí tó bá kọ́kọ́ dé, ó ti di ìfẹ̀yìntì nìyẹn. Tí ẹnì kan bá wá ní iṣẹ́ òun jẹ́ "uninterrupted service", ohun tó ń sọ ni pé kò sí àlàfo nínú ẹ̀, kò fi iṣẹ́ sílẹ̀ lọ ṣe òwò kó tó padà wá.

Iná wá ńkọ́? Àwọn ẹnjiníà iná gan-an ní ìwọ̀n tí wọ́n fi ń ka iye wákàtí tí oníbàárà fi wà láìsí iná, orúkọ ẹ̀ ni System Average Interruption Duration Index. Ṣùgbọ́n rántí pé nǹkan gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ máa lọ lọ́wọ́ kó tó ṣeé interrupt. Àdúgbò tí wọn ò fún níná látoṣù tó kọjá, interruption kọ́ ni wọ́n ń jẹ.

UPS tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ǹpútà ẹ náà, "uninterruptible power supply" ni, bátìrì wà nínú ẹ̀ tó máa ń gbà á lójú ẹsẹ̀ tí iná bá lọ. Wo bí wọ́n ṣe kọ ọ́ dáadáa: uninterruptible ni èyí tí ò ṣeé dá dúró, uninterrupted ni èyí tí wọn ò tíì dá dúró. Tí agent bá ń fi ilé hàn ẹ́ ní Lugbe tó ní iná ibẹ̀ jẹ́ uninterrupted, ìtàn ló ń sọ, kò ṣe ìlérí kankan fún ẹ.

Àwọn oníkọ̀ǹpútà máa ń sọ pé "an interrupt". Ṣebí "interruption" ló yẹ kó jẹ́?

Lẹ́nu tèmi àti tìẹ, bẹ́ẹ̀ ni. Àmọ́ nínú iṣẹ́ kọ̀ǹpútà, "interrupt" ti di orúkọ nǹkan, wọ́n tiẹ̀ máa ń tẹ ohùn mọ́ IN tó wà níwájú, nígbà tó jẹ́ pé tó bá jẹ́ ìṣe, RUPT tó wà lẹ́yìn ni wọ́n ń tẹ̀. Àmì kan ni tó máa ń lọ bá processor, ọpọlọ kọ̀ǹpútà, pé nǹkan nílò ẹ níbì kan, bóyá o tẹ kíbọ́ọ̀dù ni, bóyá nẹ́tíwọ̀kì gbé nǹkan dé. Processor á dá iṣẹ́ tó ń ṣe dúró, á sàmì síbi tó bá a dé, á sáré lọ dá nǹkan yẹn lóhùn, á sì padà síbi tó sàmì sí bíi pé nǹkan kan ò ṣẹlẹ̀. Èmi gbádùn èyí gan-an torí ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ yẹn pé pérépéré síbẹ̀, ìdádúró tó ní ìpadà.

Ó lè pa ọ̀pọ̀ interrupt tì fúngbà díẹ̀, ṣùgbọ́n irú kan wà tí wọ́n ń pè ní non-maskable interrupt tí ò ṣeé pa tì, bí ìpè ìyá ìyàwó ẹ láàárọ̀ Sátidé. Ctrl+C táwọn tó ń kọ program máa ń tẹ̀ náà, orúkọ àmì tó ń fi ránṣẹ́ ni SIGINT, INT yẹn ni interrupt, bó tiẹ̀ jẹ́ pé lọ́pọ̀ ìgbà program máa ń kú síbẹ̀ ni, kì í padà síbi kankan, wọn ì bá ti wá orúkọ mìíràn fún un tó bá ṣe tèmi.

Interject, intervene, interfere. Gbogbo wọn dà bí ọ̀kan náà lójú mi.

Ibí gan-an ni ẹ̀bi àti ìyìn wà.

Interject ni kéèyàn ju ọ̀rọ̀ kékeré sáàrin ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn, Latin tó wà nídìí ẹ̀ náà, ká ju nǹkan ni. O rántí "interjection" tí wọ́n kọ́ wa nílé ìwé, háà, yéè, àti Kai! àti Haba! táwọn Hausa fi ń já wa láyà lọ́jà Wuse? Torí náà ó gbọ́dọ̀ kúrú. Ẹni tó fi ogún ìṣẹ́jú sọ tiẹ̀ ò interject, ó gba máìkì ni.

Intervene ni kéèyàn wá dúró láàrin kí nǹkan lè yí padà, ó sì máa ń ní iyì. Àwọn àgbà intervene nínú ìjà tọkọtaya, CBN intervene tí náírà bá ń já, TETFund, àjọ tó ń náwó sí ilé ẹ̀kọ́ gíga ìjọba, kọ́ ilé sínú yunifásítì, wọ́n sì kọ "intervention" sára pátákó ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó intervene lójú ara ẹ̀, ó lè jẹ́ pé interfere ló ṣe lójú ẹlòmíràn, torí interfere ni kéèyàn ki ẹnu bọ ohun tí ò kàn án. Ìyá ọkọ ní òun intervene, ìyàwó ní ó interfere, ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n ń sọ!

Kíyè sí èyí o: tó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn, "interfere in" ni, tó bá jẹ́ pé ó ń dí iṣẹ́ tàbí ẹ̀rọ lọ́wọ́, "interfere with" ni. Àmọ́ má fi "interfere with" ṣíwájú èèyàn ní ìdákúdàá, torí nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí wọ́n bá ní ẹnì kan "interfered with a child", ìbálòpọ̀ tó lòdì ni wọ́n ń fẹ̀sùn ẹ̀ kàn án. Tó o bá fẹ́ tọrọ gáfárà lọ́wọ́ tíṣà ọmọ ẹ pé o wọ kíláàsì nígbà tí wọ́n ń kàwé, interrupt ni kó o kọ.

Disturb tiẹ̀ tún yàtọ̀. Jẹnẹrétọ̀ ará ilé kejì ní Nyanya lè disturb ẹ láti alẹ́ dé àárọ̀ kó má interrupt ohunkóhun, o kàn ń ṣe iṣẹ́ ẹ lọ pẹ̀lú orí fífọ́ ni.

Butt in, cut in, chip in ńkọ́?

Butt in, ẹ̀gàn wà nínú ẹ̀, bí àgbò ṣe ń fi orí kan nǹkan ni, t méjì ló ní. Cut in ò ní ẹ̀gàn tó bẹ́ẹ̀. Barge in ni kó o ṣílẹ̀kùn wọlé láì kàn án. Chip in lè jẹ́ kó o fi ọ̀rọ̀ kan kún un, ó sì lè jẹ́ kẹ́ ẹ dá owó jọ, fetí sílẹ̀ kó o tó fèsì. Ní ti "shunt" tá a máa ń pariwo níbi ìlà epo, tiwa ni, lọ́dọ̀ òyìnbó ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ojú irin ni, tó o bá pa á létí ará Lọ́ńdọ̀nù kò ní yé e pé o ń bínú.

Báwo wá ni mo ṣe máa interrupt ọ̀gá láìwọ ìjọ̀ngbọ̀n?

"Sorry to interrupt, sir" dáa, má sọ pé "interrupt for me" tàbí "interrupt into", tó bá jẹ́ pé ìwọ ni wọ́n dá dúró, "interrupt me" náà ti tó. "If I may come in here" tún rọ̀ jù ú lọ. Wo àwọn sẹ́nétọ̀, tí ẹnì kan bá ń sọ̀rọ̀ lọ́wọ́ tí òmíràn dìde tó ní "point of order, Mr President", Ààrẹ Sẹ́nétì á dá tàkọ́kọ́ dúró kó lè gbọ́ tẹnìkejì, ẹni yẹn á sì sọ òfin ilé tí wọ́n rú. Interruption tí òfin gbà láyè nìyẹn. Tí ọ̀gá ẹ bá jẹ́ Hausa, wọ́n ní ọ̀rọ̀ tiwọn, "katse hanzari", kó o ní o ò fẹ́ katse hanzari ẹ̀, wàá rí i pé á rẹ́rìn-ín kó tó gbọ́ tìẹ. Baba Yorùbá ní tiẹ̀, sọ pé "ẹ má bínú sà, mo gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu yín", kó o sì dọ̀bálẹ̀ díẹ̀ níbi tó o jókòó sí.

Ìbéèrè ìkẹyìn: ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Kubwa, ẹni tó ń túmọ̀ ìwàásù sí Yorùbá, "interrupter" ni wọ́n ń pè é.

Interpreter ni. Ṣùgbọ́n mo ti jókòó síwájú àwọn kan tó jẹ́ pé kí pásítọ̀ tó parí gbólóhùn wọ́n ti gbà á, àwọn yẹn, ẹ fi orúkọ yẹn sílẹ̀ fún wọn.