Alápá kan tó wọn omi kó tó wọn ilẹ̀

Tí wọ́n bá fẹ́ mọ̀ bóyá omi odò kan tó àwọn tó ń lò ó, máàpù ni wọ́n ń yà lónìí. Alápá kan wà lára àwọn tó kọ́kọ́ ṣe irú ẹ̀.

Ogun abẹ́lé Amẹ́ríkà ló gba apá ọ̀tún lára John Wesley Powell, ní Shiloh, lọ́dún 1862. Lọ́dún 1869, ó kó èèyàn mẹ́sàn-án sínú ọkọ̀ mẹ́rin, wọ́n sì wọ odò Colorado tòun tàpáta.

Nígbà yẹn, ìjọba ń pín ilẹ̀ ìwọ̀-oòrùn fún àgbẹ̀ ní éékà 160, ìlà gbọọrọ, igun mẹ́rin mẹ́rin. Ẹni tí tiẹ̀ bọ́ sétí odò rí ṣe. Ẹni tí tiẹ̀ bọ́ sórí iyanrìn, ọwọ́ Ọlọ́run ló wà. Àwọn kan tiẹ̀ ń sọ pé béèyàn bá ti ń túlẹ̀ ni òjò á máa tẹ̀ lé e. Ẹ gbọ́ ná! Powell kọ̀wé sí ìjọba lọ́dún 1878: ẹni tó bá rí omi bomi rin oko, éékà 80 tó o, darandaran ló nílò 2,560.

Láti ìparí ọdún 1888 wọ 1889, àwọn ọmọṣẹ́ ẹ̀ wà létí odò Rio Grande, ní Embudo, New Mexico, láti kọ́ bí wọ́n ṣe ń ka omi tó ń kọjá: wọn ìbú odò, wọn jíjìn ẹ̀, wo bó ṣe ń yára sí, kó o sọ wọ́n di ìlọ́po ara wọn. Wọ́n tún ń wá ibi tí wọ́n lè sé omi sí, àti ilẹ̀ tómi náà lè dé.

Lọ́dún 1890, ó gbé máàpù ẹ̀ wá síwájú aṣòfin. Ibi gbogbo tómi ẹ̀ ń ṣàn bá odò kan náà, àwọ̀ kan ló kùn ún. Lọ́dọ̀ tiwa, odò ni ààlà, tí kò bá sódò, a gbin pérègún. Powell ní rárá, orí òkè tómi ti ń pín ṣàn ni kí ààlà wà, káwọn tó ń pọn omi kan náà lè jọ ṣèpàdé lé e. Ọdún yẹn gan-an ni aṣòfin dá owó iṣẹ́ náà dúró.

Ní Los Angeles lọ́dún 1893, ó sọ fáwọn tó pé sípàdé lórí ìbomirin oko pé omi kò tó ilẹ̀ tí wọ́n ń pín, ìjà ni wọ́n ń kó jọ. Wọ́n hó lé e lórí.

Lọ́dún 1922, ìpínlẹ̀ méje jókòó pín Colorado, ṣùgbọ́n ọdún tí òjò pọ̀ ni wọ́n fi ṣírò omi inú ẹ̀. Lónìí, odò náà sábà máa ń gbẹ sínú iyanrìn Mẹ́síkò kó tó fojú kan òkun.