Ẹ̀fúùfù ẹ̀gbẹ́ àti ìwà ọkọ̀ lójú títì

Ẹ̀fúùfù ẹ̀gbẹ́ ni afẹ́fẹ́ líle tí ó ń fẹ́ lu ọkọ̀ láti ọwọ́ ọ̀tún tàbí ọwọ́ òsì. Afẹ́fẹ́ iwájú máa ń dá ọkọ̀ dúró, a sì jẹ epo. Ti ẹ̀yìn a máa tì í lọ síwájú. Ti ẹ̀gbẹ́ ni ó máa ń gbé e kúrò lójú ipa rẹ̀, tí í sì í yí imú rẹ̀ sí ibi tí awakọ̀ kò darí rẹ̀ sí. Ní Ìlọrin àti gúúsù ìpínlẹ̀ Kwárà, àsìkò òjò àkọ́rọ̀ àti ti àrọ̀kúrò ni awakọ̀ máa ń bá a pàdé jù, nígbà tí ìjì bá ṣáájú òjò dé.

Bí afẹ́fẹ́ ṣe ń ti ọkọ̀

Ọkọ̀ tí ó ń sáré ń dá afẹ́fẹ́ sílẹ̀ fún ara rẹ̀. Bí ó bá ń lọ ní kìlómítà 100 ní wákàtí kan, afẹ́fẹ́ kìlómítà 100 ni ó ń pàdé níwájú, ì báà ṣe ọjọ́ tí ewé kan kò mì. Bí ìjì kìlómítà 60 bá wá fẹ́ láti ẹ̀gbẹ́, méjèèjì á pa pọ̀ di afẹ́fẹ́ kan ṣoṣo tí eré rẹ̀ tó kìlómítà 117, tí ó sì ń bọ̀ láti igun dígírì 31 sí imú ọkọ̀. Ìdí nìyí tí ọkọ̀ tí ó ń sáré fi máa ń jìyà ìjì ju èyí tí ó ń rọra lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìjì kan náà ni ó ń fẹ́ lu àwọn méjèèjì.

Bí eré afẹ́fẹ́ bá di ìlọ́po méjì, agbára rẹ̀ kì í di ìlọ́po méjì; ìlọ́po mẹ́rin ló ń dà. Afẹ́fẹ́ kìlómítà 36 ní wákàtí kan ń fi nǹkan bíi newton 60 (newton ni òṣùwọ̀n tí wọ́n fi ń wọn agbára) tẹ mítà onígun mẹ́rin kọ̀ọ̀kan lára ohun tí ó bá dojú kọ. Bí ó bá di kìlómítà 72, ó di newton 240. Bọ́ọ̀sì akérò tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ fẹ̀ tó mítà onígun mẹ́rin 9 yóò gba ohun tí ó lé ní newton 2,000 nínú ìjì bẹ́ẹ̀, bí ẹni pé wọ́n fi ìwúwo àpò sìmẹ́ǹtì mẹ́rin ti ọkọ̀ náà lẹ́gbẹ̀ẹ́ láìsọ fún awakọ̀.

Ibi tí afẹ́fẹ́ náà ti tẹ ọkọ̀ ṣe pàtàkì bí agbára rẹ̀. Ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan ní ojúkò ìwúwo, ìyẹn ibi tí a lè fi í lé tí yóò dúró láìtẹ̀ síbì kan. Lára ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́, iwájú ojúkò yìí ni agbára afẹ́fẹ́ máa ń pé jọ sí, nítorí náà imú ọkọ̀ ni ó kọ́kọ́ ń yà, tí ó ń sá fún afẹ́fẹ́. Ẹni tí ó bá ti ru páànù ìbolé lórí lọ́jọ́ ìjì mọ̀ ọ́n: apá tí ó bá gùn kọjá orí jù ni afẹ́fẹ́ ń gbá yí, tí yóò sì yí ẹni tí ó rù ú mọ́ ọn.

Ọkọ̀ tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ wà lẹ́yìn ni ọ̀rọ̀ yìí le fún jù, nítorí pé ẹ̀yìn ni ìwúwo rẹ̀ wà tí imú rẹ̀ sì fúyẹ́. Volkswagen Beetle, tí àwọn èèyàn ń pè ní ìjàpá, àti bọ́ọ̀sì Kombi ayé àtijọ́ jẹ́ àpẹẹrẹ tí àwọn awakọ̀ àgbà kò ní gbàgbé. Àwọn tí ó kọ́kọ́ ń ṣe ọkọ̀ tí ara rẹ̀ ń yọ̀ gẹ́ẹ́lẹ́ kí afẹ́fẹ́ iwájú má baà dí i lọ́wọ́ pàdé ìṣòro kan náà. Tatra 77, tí ó jáde ní Czechoslovakia ní ọdún 1934, ní ẹ́ńjìnnì lẹ́yìn, wọ́n sì fi pátákó gíga kan sí ẹ̀yìn rẹ̀ bí ìgbà tí lẹbẹ bá wà lẹ́yìn ẹja, kí afẹ́fẹ́ lè rí ẹ̀yìn náà tì.

Táyà àti abẹ́ ọkọ̀

Táyà ni ó ń di ọkọ̀ mú sójú títì, ṣùgbọ́n rọ́bà ni, kì í ṣe irin. Kí ó tó lè tako ohun tí ń tì í lẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ní láti kọ́kọ́ lọ́ díẹ̀. Táyà tí afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ kò tó máa ń lọ́ jù, ọkọ̀ á sì ti sún kí ó tó di ilẹ̀ mú. Bí ṣọ́ọ̀kì bá ti kú, tí ọwọ́ sítíárìn bá ń fì, tàbí tí táyà ẹ̀yìn bá ti pá, ọkọ̀ lè máa lọ déédéé láti oṣù dé oṣù láìsí ẹni tí yóò mọ̀. Ọjọ́ tí ìjì bá jà ni àṣírí á tú: ẹ̀fúùfù ti fẹ́, a ti rí fùrọ̀ adìyẹ.

Òjò àkọ́rọ̀ tún ní tirẹ̀. Eruku àti epo tí ó ti kó jọ sójú títì látìgbà ẹ̀ẹ̀rùn á pò mọ́ omi díẹ̀ tí ó kọ́kọ́ bọ́ sílẹ̀, ojú ọ̀nà á sì máa yọ̀. Ìṣẹ́jú tí ìjì le jù ni táyà kò rí ilẹ̀ gidi dì mú.

Ìbẹ̀rẹ̀ ìjì àti ìdáwọ́dúró rẹ̀

Afẹ́fẹ́ tí ó ń fẹ́ bákan náà kì í ṣe ewu ńlá. Awakọ̀ á kàn fi sítíárìn tẹ̀ díẹ̀ sí ìhà tí ó ti ń wá, yóò sì máa bá ìrìn àjò rẹ̀ lọ. Ewu wà níbi tí afẹ́fẹ́ ti dé lójijì, ó sì tún wà níbi tí ó ti dáwọ́ dúró lójijì, nítorí ọkọ̀ tí wọ́n ti ń fi sítíárìn tẹ̀ lòdì sí afẹ́fẹ́ á ya síbẹ̀ nígbà tí kò bá sí ohun tí ń tì í padà mọ́.

Ìṣirò rẹ̀ kò le. Bí ìjì bá yí imú ọkọ̀ ní dígírì 2 péré, tí awakọ̀ sì lo ìṣẹ́jú àáyá kan kí ó tó fèsì, ọkọ̀ tí ó ń sáré ní kìlómítà 100 yóò ti ya kúrò lójú ipa rẹ̀ tó mítà 0.97. Lórí kìlómítà 60, mítà 0.58 ni. Ipa ọkọ̀ kan lójú títì ìjọba àpapọ̀ sábà máa ń fẹ̀ tó mítà 3.65, ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tí ó fẹ̀ tó mítà 1.8, tí ó sì dúró sáàárín rẹ̀, kò ní ju mítà 0.93 lọ lọ́wọ́ kọ̀ọ̀kan. Ọkọ̀ àkọ́kọ́ ti kọjá ìlà, èkejì ṣì wà nínú rẹ̀.

Ìtàn tí wọ́n máa ń sọ jù lórí ọ̀rọ̀ yìí ni ti Bernd Rosemeyer, ará Jámánì tí ó ń fi ọkọ̀ Auto Union sáré. Ní ọjọ́ 28 oṣù Kìíní ọdún 1938, ó ń gbìyànjú láti fọ́ àkọsílẹ̀ eré lójú ọ̀nà tí ó wà láàárín Frankfurt àti Darmstadt, lórí eré tí ó lé ní kìlómítà 400 ní wákàtí kan. Ohun tí ọ̀pọ̀ gbà ni pé ẹ̀fúùfù ẹ̀gbẹ́ ni ó gbá ọkọ̀ rẹ̀ níbi tí igbó ti là sílẹ̀ lẹ́bàá ọ̀nà, ó sì gbabẹ̀ kú. Eré rẹ̀ kò jọ ti ẹnikẹ́ni tí ń lọ sí Ọ̀fà, ṣùgbọ́n ibi tí igbó ti là sílẹ̀ yẹn, gbogbo awakọ̀ ló ń bá irú rẹ̀ pàdé.

Lára irú ibẹ̀ ni ibi tí ọ̀nà ti jáde láàárín òkè méjì tí wọ́n gbẹ́ kọjá, orí afárá, ẹ̀gbẹ́ oko gbalasa lẹ́yìn igbó, àti ẹ̀gbẹ́ tírélà. Ẹni tí ó bá ń yá tírélà sílẹ̀ nígbà tí ìjì ń jà á kọ́kọ́ wọ ibi tí kò sí afẹ́fẹ́, nítorí tírélà ti dí i fún un. Bí ó bá yọ níwájú rẹ̀, afẹ́fẹ́ náà á dé lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, tòun ti èyí tí imú tírélà fúnra rẹ̀ ń rọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́.

Ojú ọ̀nà Ìlọrin àti gúúsù Kwárà

Ìjì òjò ní apá ibí yìí sábà máa ń rìn láti ìlà-oòrùn lọ sí ìwọ̀-oòrùn. Afẹ́fẹ́ tútù tí ó ń já bọ́ láti inú ìkùukùu òjò á kan ilẹ̀, á tàn kálẹ̀, á sì ṣáájú òjò dé. Ìdí nìyí tí eruku fi máa ń dìde nígbà tí ẹ̀kán òjò kò tíì bọ́. Oṣù Kẹta sí oṣù Karùn-ún, àti oṣù Kẹsàn-án sí oṣù Kẹwàá, ni ó máa ń le jù.

Nítorí náà, ibi tí ọ̀nà kọjú sí ni ó ń sọ irú afẹ́fẹ́ tí yóò bá awakọ̀. Ọ̀nà Àjàṣẹ́-Ìpo sí Òmù-Àrán kọjú sí ìlà-oòrùn dé ìwọ̀n púpọ̀. Ẹni tí ń lọ á pàdé ìjì níwájú, ẹni tí ń bọ̀ á gbà á sẹ́yìn. Ọ̀nà Ìlọrin sí Jẹ́bà, tí ó gba Bódè Sáádú, forí lé àríwá, ìjì sì máa ń dá a kọjá. Ọwọ́ ọ̀tún ni a ń gbà wakọ̀ ní Nàìjíríà, nítorí náà ọkọ̀ tí ń lọ sí Jẹ́bà ni ìjì ń tì sí òsì, sójú ọkọ̀ tí ń bọ̀. Èyí tí ń bọ̀ wá sí Ìlọrin, etí igbó ni ó ń tì í sí. Ìjì kan náà, ọ̀nà kan náà, ṣùgbọ́n ewu àlọ kì í ṣe ewu àbọ̀.

Odò Ọya ni Yorùbá ń pe odò tí afárá Jẹ́bà gùn lé, Ọya sì ni òrìṣà ìjì, ẹ̀fúùfù lẹ̀lẹ̀ tí ń dá igi lókè-lókè. Kò sí igi lójú omi tí yóò gba afẹ́fẹ́ dúró, ẹni tí ó bá sì gba orí afárá náà kọjá lọ́jọ́ ìjì kò ní bá ẹnikẹ́ni jiyàn lórí orúkọ.

Ọyẹ́ ń ti àríwá ìlà-oòrùn wá lásìkò ẹ̀ẹ̀rùn. Ó sábà máa ń bá ọ̀nà Ìlọrin sí Ògbómọ̀ṣọ́ lọ gbọọrọ, kì í sì í já lójijì bí ìjì òjò. Eruku rẹ̀ tí ń dí ojú ni wàhálà rẹ̀.

Oríṣi ọkọ̀

Ọkọ̀ tí ó ga, tí ó fúyẹ́, tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sì tẹ́ pẹrẹsẹ ni ìjì fẹ́ràn. Tírélà òfìfo léwu ju èyí tí ó rù lọ: ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kò dín kù, ìwúwo rẹ̀ nìkan ni ó lọ. Kọ̀ǹténà ẹlẹ́sẹ̀ bàtà 40 ní ẹ̀gbẹ́ tí ó lé ní mítà onígun mẹ́rin 31, bí ilé kékeré tí ń rìn. Bí wọn kò bá fi àgádágodo rẹ̀ dè é mọ́ ọkọ̀, ìyànà àti kòtò lè bá ìjì parí iṣẹ́. Táńkà epo rí roboto, afẹ́fẹ́ á yí i po kọjá, ṣùgbọ́n epo tí kò kún inú rẹ̀ á máa gbọ̀n síhìn-ín sọ́hùn-ún.

Kórópé, bọ́ọ̀sì kékeré tí ó tẹ́ẹ́rẹ́ tí ó sì ga, máa ń fì kódà láàárín ìlú. Bọ́ọ̀sì tí wọ́n di iṣu tàbí ẹní fóòmù ga lé lórí ti gba ẹ̀gbẹ́ kún ẹ̀gbẹ́, ojúkò ìwúwo rẹ̀ sì ti gòkè. Iṣu ni ó ń gbé ìwúwo gòkè jù, fóòmù ni ó ń di ìgbòkun. Kẹ̀kẹ́ Márúwá ní táyà kan péré níwájú, nítorí náà ó rọrùn fún un láti dojú dé ju ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin lọ. Ọlọ́kadà ní láti fi ara tẹ̀ sí ìhà tí afẹ́fẹ́ ti ń wá, èyí tí ó ṣòro gan-an bí ó bá gbé èrò méjì.

Ìdánwò àti ẹ̀rọ ìrànlọ́wọ́

Òṣùwọ̀n àgbáyé kan wà, ISO 12021, tí ó sọ bí wọn yóò ṣe dán ọkọ̀ wò nínú ẹ̀fúùfù ẹ̀gbẹ́: wọ́n á to ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ ńláńlá sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà, ọkọ̀ á sì gba iwájú wọn kọjá. Mercedes-Benz fi ẹ̀rọ kan sínú bọ́ọ̀sì Sprinter ní ọdún 2013 tí ó ń fúnra rẹ̀ tẹ bíréèkì táyà tí ó wà ní ìhà ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń wá, kí imú ọkọ̀ lè padà. Ó ń ṣiṣẹ́ láti kìlómítà 80 lọ sókè. Ọ̀pọ̀ tòkunbọ̀ àtijọ́ tí ó wà lójú títì wa kò ní irú rẹ̀, ọwọ́ awakọ̀ ni ẹ̀rọ tiwọn.

Ìwakọ̀ nínú ìjì

Dídín eré kù ni ó ń ṣiṣẹ́ jù, kí ìjì tó dé, nígbà tí eruku pupa bá ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ níwájú. Ọwọ́ méjèèjì ni a fi ń di sítíárìn mú. A kì í já a gbà, nítorí ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tí ó dojú dé kò tọwọ́ ìjì dé bí kò ṣe tọwọ́ awakọ̀ tí ó yí sítíárìn padà jù. Títẹ bíréèkì mọ́lẹ̀ lójijì lójú ọ̀nà tí ó ń yọ̀ burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó yẹ kí a jìnnà sí tírélà, kí a má sì yá a sílẹ̀ títí ìjì yóò fi rọlẹ̀.

Bí ó bá di dandan láti dúró, abẹ́ igi, ẹ̀gbẹ́ òpó iná àti abẹ́ pátákó ìpolówó kì í ṣe ibi ìsádi. Ọkọ̀ tí wọ́n bá kọ imú rẹ̀ sí ìjì kì í mì bí èyí tí ó fi ẹ̀gbẹ́ sí i. Kí èrò ṣọ́ra bí wọ́n bá ń ṣí ilẹ̀kùn láti sọ̀kalẹ̀, nítorí ìjì lè já a gbà lọ́wọ́ ẹni tí ó ṣí i, kí ó sì ká a sẹ́yìn dé ibi tí irin ìdè rẹ̀ á fi tẹ̀.