Rírẹ ni à ń rẹ òkú, a kì í kùn ún lọ́ṣẹ

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ là yé wa ni èyí tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní embalming, ìyẹn fífi oògùn tọ́jú òkú kí ó má baà tètè bàjẹ́. Òun ni òpómúléró ẹ̀kọ́ oyè àkọ́kọ́ nínú ìmọ̀ ìtọ́jú òkú ní Amẹ́ríkà. Yunifásítì Minnesota ti ń kọ́ni ní iṣẹ́ yìí láti ọdún 1908. Wayne State ní Detroit, Southern Illinois ní Carbondale àti Central Oklahoma ní Edmond náà ń fi oyè àkọ́kọ́ dá àwọn tó bá yege nínú rẹ̀ lọ́lá. Ṣùgbọ́n bí ọmọ Yorùbá kan bá ń kọ́ iṣẹ́ yìí, tó sì fẹ́ sọ fún ìyá rẹ̀ nílé ohun tó ń kọ́, ọ̀rọ̀ mẹ́ta ló wà nílẹ̀ fún un, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló sì ń ṣi ni lọ́nà.

Èkíní ni "kíkùn lọ́ṣẹ". Inú Bíbélì ló ti jáde, Jẹ́nẹ́sísì orí 50, níbi tí Jósẹ́fù ti ní kí àwọn oníṣègùn kun bàbá òun lọ́ṣẹ. N kò bá àwọn tó túmọ̀ Bíbélì jà, iṣẹ́ ńlá ni wọ́n ṣe. Àwọn tí mò ń bá jà ni àwọn tó ń gbé ọ̀rọ̀ náà wá sínú ìwé ẹ̀kọ́ òde òní láì yẹ̀ ẹ́ wò. Àwọn ará Íjíbítì pàápàá kò fi ọṣẹ tọ́jú òkú. Wọ́n ń kó ìfun àti ẹ̀dọ̀ kúrò, wọ́n á wá fi natron, tó jẹ́ ìbátan káún tí a fi ń se ewédú, bo òkú mọ́lẹ̀ títí omi ara rẹ̀ yóò fi gbẹ. Gbígbẹ nìyẹn, kì í ṣe kíkùn. Ohun tí a bá sì kùn, orí awọ ló mọ: a ń kun osùn, a ń kun àtíkè, a ń kun ilé lọ́dà. Ẹni tó bá tún gbọ́ ọṣẹ níbẹ̀, ìwẹ̀ ni ọkàn rẹ̀ yóò lọ, bẹ́ẹ̀ sì ni wíwẹ̀ òkú àti ohun tí à ń sọ yìí jẹ́ iṣẹ́ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀.

Èkejì ni èyí tí ẹ ó gbọ́ lẹ́nu ọ̀nà mọ́ṣúárì: "wọ́n ti gún un lábẹ́rẹ́." Èyí sàn jù, nítorí ó mọ̀ pé oògùn ń wọ inú ara. Ohun tó ń bí mi nínú ni pé ọ̀rọ̀ náà ń kọ́ni ní iṣẹ́ tí kò dáa. Ẹni tó bá ti fi abẹ́rẹ́ sọ́kàn á mú síríǹjì, á fa oògùn sínú rẹ̀, á gún itan, á gún ikùn, á gún ẹ̀rẹ̀kẹ́, á sì rò pé òun ti parí. Ibi tó gún yóò le bí igi, ibi tí kò gún yóò rọ̀, yóò dúdú, yóò sì bó. Abẹ́rẹ́ wà nínú iṣẹ́ náà lóòótọ́, ṣùgbọ́n àtúnṣe ni wọ́n ń fi í ṣe ní ibi tí oògùn kò bá dé. Kò yẹ kí àtúnṣe jogún orúkọ iṣẹ́.

Ẹ̀kẹta ni "ẹ́ḿbáàmù". Mo gba ọ̀rọ̀ àyálò, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ mọ́ṣúárì àti síríǹjì tán. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ orúkọ ló máa ń rọ̀ wá lọ́rùn láti yá. Ọ̀rọ̀ ìṣe ni èyí, ẹ fi ṣe gbólóhùn wò: "Wọ́n ti ẹ́ḿbáàmù bàbá." "Ṣé kí a má ẹ́ḿbáàmù ìyá?" Ta ló ń sọ bẹ́ẹ̀ lẹ́nu àgbà? Ìdílé tó ń ṣọ̀fọ̀ nílò ọ̀rọ̀ tó ṣeé sọ pẹ̀lú ọ̀wọ̀, tó sì ṣeé sọ pé "ẹ má ṣe é" pẹ̀lú rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ tèmi ni rírẹ: rírẹ òkú, tàbí rírẹ òkú lóògùn fún ẹni tó bá fẹ́ ẹ ní kíkún. Àwọn aláró Abẹ́òkúta àti Òṣogbo mọ ìyàtọ̀ kíkùn àti rírẹ dáadáa. Ọ̀dà tí a fi kun ògiri, orí ògiri ló wà, èékánná lè họ ọ́ kúrò. Aró tí a fi rẹ aṣọ ti wọ inú òwú. Bí ẹ bá fa fọ́nrán kan yọ láàárín aṣọ náà, ẹ ó bá aró lára rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni oògùn yìí. Ojú ọ̀nà tí ẹ̀jẹ̀ ń tọ̀ nígbà tí ẹni náà wà láàyè ni wọ́n ń gbà fi í ránṣẹ́, láti inú iṣan ńlá dé inú èyí tó tẹ́ẹ́rẹ́ ju irun orí lọ, títí yóò fi kan ẹran ara níbi gbogbo. Adìrẹ sì sọ ìyókù: ibi tí okùn bá ti dì mọ́ aṣọ, aró kì í dé ibẹ̀, funfun ló máa ń wà. Ibi tí ẹ̀jẹ̀ dídì bá ti dí iṣan, oògùn kì í dé ibẹ̀, ibẹ̀ ni òkú yóò sì ti kọ́kọ́ bàjẹ́.

Lórí tábìlì, ìwẹ̀ ló ṣáájú. Wọ́n á fi oògùn apakòkòrò nu ẹnu, imú àti ojú, wọ́n á sì fi ọwọ́ ra apá àti ẹsẹ̀ títí gígan wọn yóò fi dẹ̀. Orí gbọ́dọ̀ ga ju àyà lọ, kí ẹ̀jẹ̀ má baà ṣàn sójú kí ó sọ ọ́ di àwọ̀ elésè àlùkò. Ojú àti ẹnu ni wọ́n á pa dé kí oògùn tó wọlé, nítorí bí oògùn bá ti mú ẹran ara le tán, bí ẹnu bá ṣe wà nígbà náà ni yóò ṣe máa wà.

Wọ́n á wá la awọ díẹ̀ lápá ọ̀tún, lókè egungun tó lọ láti ìsàlẹ̀ ọrùn dé èjìká. Iṣan méjì ló wà níbẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn: carotid, tó jẹ́ iṣan àlọ, tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ kúrò ní ọkàn lọ sí orí, àti jugular, tó jẹ́ iṣan àbọ̀. Oògùn ń gba ti àlọ wọlé, ẹ̀jẹ̀ ń gba ti àbọ̀ jáde. Ẹ̀rọ kan ló ń tì í, nǹkan bí 300 sí 450 mílílítà láàárín ìṣẹ́jú kan. Ẹni tó bá kánjú tó ṣí ẹ̀rọ ju bẹ́ẹ̀ lọ, ojú òkú ni yóò kọ́kọ́ wú, pàápàá ìpéǹpéjú, wíwú yẹn kì í sì í tètè lọ. Bí oògùn ṣe ń wọlé ni wọ́n ń fi ọwọ́ ra ọwọ́ àti ẹsẹ̀ sí ìhà ọkàn kí ẹ̀jẹ̀ lè máa jáde. Oògùn náà ní àwọ̀ pupa díẹ̀, nítorí náà ìdí èékánná àti etí ni wọ́n ń wò: bí wọ́n bá ti pọ́n rẹ́súrẹ́sú, tí ẹran ara sì ń le, rírẹ ti dé ibẹ̀. Bí ẹsẹ̀ ọ̀tún bá kọ̀ tí kò pọ́n tí kò le, wọ́n á lọ la òkè itan rẹ̀, níbi tó ti pàdé ikùn, wọ́n á sì fi oògùn ránṣẹ́ láti ibẹ̀.

Ìṣirò ló ń ya akẹ́kọ̀ọ́ oyè sọ́tọ̀ kúrò lára ẹni tó kàn ń bá wọn da oògùn. Nọ́ńbà kan máa ń wà lára ìgò oògùn, wọ́n ń pè é ní ìńdẹ́ẹ̀sì: iye gíráàmù formaldehyde, kẹ́míkà tó ń mú ẹran ara le, tó wà nínú 100 mílílítà. Ìwọ̀n tí wọ́n ń fi bẹ̀rẹ̀ ni gálọ́ọ̀nù Amẹ́ríkà kan, ìyẹn lítà 3.8, fún kílò 23 ara. Ẹni tó bá wúwo tó kílò 70 yóò gba nǹkan bí lítà 12. Bí a bá fẹ́ kí omi náà ní agbára ìdá 2 nínú 100, tí ìńdẹ́ẹ̀sì ìgò wa sì jẹ́ 25, a ó fi 2 sọ 12 di púpọ̀, a ó fi 25 pín in: 0.96 lítà oògùn láti inú ìgò, omi ni ìyókù. Aláró tó da aró àpọ̀jù àti èyí tó là á jù, àwọn méjèèjì ló ń ba aṣọ jẹ́.

Kì í sì í ṣe gbogbo òkú ló ń gba ìdá 2. Ẹni tí ara rẹ̀ wú fún omi kí ó tó kú ń fẹ́ èyí tó le jù, nítorí omi inú ara yẹn yóò tún là á sí i. Ẹni tí ibà pọ́njú pa, tí ara rẹ̀ ti pọ́n bí ìyeyè, formaldehyde tó bá le lè sọ ọ́ di àwọ̀ ewé, nítorí ó ń yí bilirubin, ohun tó mú ara pọ́n bẹ́ẹ̀, padà di biliverdin, tó ní àwọ̀ ewé. Ìdílé á dé, wọ́n á bá bàbá wọn ní àwọ̀ ewé, kò sì sí àtíkè tó lè bò ó pátápátá. Ìdí nìyí tí kẹ́místírì fi wà nínú ẹ̀kọ́ náà.

Iṣan kò dé inú ohun tó wà nínú ìfun. Lẹ́yìn tí oògùn bá ti gba inú iṣan wọlé tán, wọ́n ń mú trocar, irin gígùn oníhò tí ẹnu rẹ̀ mú, wọ́n á gbà á wọlé ní ìwọ̀n íǹṣì méjì sí òsì ìdodo àti íǹṣì méjì sókè, wọ́n á fa omi àti afẹ́fẹ́ jáde láti àyà dé ikùn, wọ́n á sì da oògùn tí a kò lomi sínú rẹ̀, nǹkan bí 480 mílílítà fún àyà, bẹ́ẹ̀ náà fún ikùn. Ẹni tó bá fo ìgbésẹ̀ yìí yóò rí i nígbà tí omi bá ń jáde ní imú òkú lórí ìtẹ́, lójú gbogbo ènìyàn. Ẹni tí kò bá sì fọ trocar náà dáadáa lè gbé kòkòrò Clostridium perfringens láti ara òkú kan sí ti èkejì, èyí tó ń mú kí awọ kún fún afẹ́fẹ́.

Mo mọ ohun tí àwọn kan yóò sọ: pé rírẹ ń jọ rírì, pé yóò mú ni rántí àgbá oògùn tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn ń tọ́jú òkú sí. Kí wọ́n béèrè lọ́wọ́ olùkọ́ wọn. Òkú tó wà nínú àgbá yẹn, inú iṣan ni wọ́n ti kọ́kọ́ gba oògùn sí i lára kí wọ́n tó rì í. Àwọn mìíràn ní kí a pe gbogbo ẹ̀kọ́ náà ní "ìmọ̀ ìsìnkú". Rárá o. Ìsìnkú ni àṣà, orin, aṣọ ẹbí àti ibojì. "Ìmọ̀ nípa òkú" náà kò ṣeé gbà, ti abókùúsọ̀rọ̀ ló jọ. Ìtọ́jú ló yẹ, nítorí ohun tí a bá tọ́jú, a ń fọ̀ ọ́ mọ́, a ń pa á mọ́, a sì ń kẹ́ ẹ. A tún ń tọ́jú àwọn tó wá wò ó. Ẹ̀kọ́ náà sì gba gbogbo èyí: òfin, ìṣirò owó, ọ̀nà láti bá ọlọ́fọ̀ sọ̀rọ̀, àti títún ojú tó ti bàjẹ́ ṣe pẹ̀lú ìda. Wọ́n ń pín ojú sí mẹ́ta tó dọ́gba, láti ìlà irun orí dé irun òkè ojú, láti ibẹ̀ dé ìdí imú, láti ìdí imú dé àgbọ̀n, kí wọ́n tó mọ ibi tí etí yóò bọ́ sí. Àwọn ìpínlẹ̀ kan ń béèrè oyè àkọ́kọ́ kí wọ́n tó fún ènìyàn ní ìwé àṣẹ. Ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ yòókù gba ti ọdún méjì.

Oògùn tó ń rẹ òkú lè pa alààyè lára, ó wà lára ohun tí wọ́n ti fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé ó ń fa jẹjẹrẹ. OSHA, àjọ ààbò òṣìṣẹ́ Amẹ́ríkà, kò gbà kí formaldehyde inú afẹ́fẹ́ ibi iṣẹ́ ju 0.75 nínú mílíọ̀nù kan lọ fún wákàtí mẹ́jọ, tàbí 2 nínú mílíọ̀nù kan fún ìṣẹ́jú 15. Yàrá tí kò ní ẹ̀rọ tó ń fa afẹ́fẹ́ jáde kì í ṣe ibi tí a ti ń rẹ òkú.

Òfin Amẹ́ríkà tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1984 ní kí ilé ìtọ́jú òkú fún oníbàárà ní ìwé iye owó, ohun kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kí wọ́n má sì parọ́ pé òfin pàṣẹ pé kí a rẹ òkú. Ìdílé Mùsùlùmí ní Houston, tí yóò wẹ òkú, tí yóò fi aṣọ funfun dì í, tí yóò sì sin ín kíákíá, kò nílò rẹ̀. Ìdílé tó fẹ́ gbé òkú wọn wọ bàálù wá sílé nílò rẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà, wọn yóò sì gba ìwé ẹ̀rí pé wọ́n ti ṣe é. Bí ẹnikẹ́ni bá ń túmọ̀ ìwé iye owó náà fún wọn, kí ó kọ "wíwẹ̀ òkú" sí ìlà tirẹ̀, kí ó kọ "rírẹ òkú lóògùn" sí ìlà mìíràn, kí wọ́n lè mọ èyí tí wọ́n lè sọ pé àwọn kò fẹ́.