Iṣẹ́ Olùdámọ̀ràn Lórí Àṣà Òwò Láàárín Iléeṣẹ́ Orílẹ̀-Èdè Méjì

Kí iléeṣẹ́ kan tó ra òmíràn nílẹ̀ òkèèrè, agbẹjọ́rò àti oníṣirò owó á ti yẹ ìwé rẹ̀ wò fínnífínní. Ṣùgbọ́n bí àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ ṣe ń ta ko ọ̀gá wọn, tàbí bí wọ́n ṣe ń sọ pé iṣẹ́ kan ò ní parí lásìkò, kò sí nínú ìwé kankan. Olùdámọ̀ràn lórí àṣà òwò ló ń wá ìyẹn rí. Nígbà tí iléeṣẹ́ ọkọ̀ méjì, Daimler-Benz ti Jámánì àti Chrysler ti Amẹ́ríkà, para pọ̀ ní 1998, bí wọ́n ṣe ń ṣe ìpinnu àti owó tí wọ́n ń san fún àwọn ọ̀gá jìnnà síra gidi. Ní 2007, wọ́n pínyà. Àṣà nìkan kọ́ ló tú wọn ká, àmọ́ ọwọ́ rẹ̀ wà níbẹ̀.

Olùdámọ̀ràn tó mọṣẹ́ kì í bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìdánilẹ́kọ̀ọ́. Á bá ìhà méjèèjì sọ̀rọ̀ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, á jókòó tì wọ́n nípàdé láìdá sí i. Ibi tí ìwà kan ti ní ìtumọ̀ méjì ló ń ṣọ́. Ẹnì kan dákẹ́ nípàdé torí pé kò fara mọ́ ọ̀rọ̀ ọ̀gá, kò sì fẹ́ dójú tì í ní gbangba. Ẹni tó wà lódìkejì ka ìdákẹ́jẹ́ náà sí ìfọwọ́sí. Nígbà tí iṣẹ́ ò bá bẹ̀rẹ̀, oníkálukú á máa fura pé wọ́n tan òun jẹ.

Olùdámọ̀ràn ní irinṣẹ́ lọ́wọ́. Láàárín 1967 sí 1973, IBM, iléeṣẹ́ kọ̀ǹpútà ti Amẹ́ríkà, gba ìdáhùn ìwádìí tó lé ní 100,000 lọ́wọ́ àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ káàkiri ayé, onímọ̀ Geert Hofstede ará Netherlands sì fi wọ́n ṣírò bí orílẹ̀-èdè ṣe yàtọ̀ síra lórí ọ̀rọ̀ bí àlàfo tó wà láàárín ọ̀gá àti ọmọ iṣẹ́. Ìpíndọ́gba orílẹ̀-èdè nìyẹn o. Ẹni tó bá fi díwọ̀n ènìyàn kan ṣoṣo ti ṣìnà, ó sì lè ba ẹni ẹlẹ́ni lórúkọ jẹ́.

Ohun tó le jù níbi iṣẹ́ yìí ni mímọ ohun tí kì í ṣe àṣà. Wọ́n lè ní àwọn kan ń lọ́ra láti fèsì, kó sì jẹ́ pé òru ni ìpàdé máa ń bọ́ sí fún wọn, tàbí pé wọn ò ní àṣẹ láti pinnu nǹkan kan. Nígbà míì, òfin ni. Walmart, iléeṣẹ́ ìtajà ti Amẹ́ríkà, kó ìlànà ìwà òṣìṣẹ́ rẹ̀ lọ sí Jámánì. Ní 2005, ilé ẹjọ́ kan ní Düsseldorf fagi lé apá tó ń dá sí ọ̀rọ̀ ìfẹ́ láàárín òṣìṣẹ́. Ó yẹ kí olùdámọ̀ràn sọ irú èyí síta, kódà bó bá dín owó iṣẹ́ tirẹ̀ kù.

Lẹ́yìn èyí ló kàn án láti jókòó ti ìhà méjèèjì kí wọ́n fẹnu kò: ta ló ń pinnu, báwo la ṣe ń sọ pé rárá, ọjọ́ mélòó ni èsì gbọ́dọ̀ fi dé. Ó tún ń múra ẹni tí wọ́n ń gbé lọ sókè òkun sílẹ̀, àti ìdílé rẹ̀ pẹ̀lú, torí bí ara ìdílé ò bá mọlé níbẹ̀, òṣìṣẹ́ náà lè padà sílé kí àsìkò rẹ̀ tó pé.

Kò sí ìwé àṣẹ kan ṣoṣo tó ń sọni di olùdámọ̀ràn yìí. Ọ̀pọ̀ wọn ti kọ́kọ́ ṣiṣẹ́ ní ẹ̀ka òṣìṣẹ́, ìṣòwò tàbí èdè, tí wọ́n sì ti gbé nílẹ̀ àjèjì. Ojúmọ́ tàbí iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ni wọ́n sábà máa ń gbowó lé.